Ìdènà ìdípẹtà mẹ́tàlì nínú omi tí ń mú kọ̀ǹpútà tutù

Ìdènà ìdípẹtà mẹ́tàlì nínú omi tí ń mú kọ̀ǹpútà tutù ni àwọn ọ̀nà tí a ń gbà dáàbò bo bàbà, idẹ, níkẹ́lì àti alumíníọ̀mù kí omi má baà jẹ wọ́n. Mẹ́tàlì tí omi bá jẹ lè lu, kí omi sì jò sórí àwọn ẹ̀yà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Èérí rẹ̀ tún lè dí ojú ọ̀nà omi títí tí CPU yóò fi gbóná jù. Ohun àkọ́kọ́ nínú ìdènà yìí ni yíyan àwọn mẹ́tàlì tí ó bá ara wọn mu. Omi tí ó mọ́ àti òògùn inú rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Pọ́ǹpù máa ń ti omi gba inú rọ́bà lọ sí pẹpẹ mẹ́tàlì kan tí ó lẹ̀ mọ́ orí CPU. Omi á gba ooru níbẹ̀, á gbé e lọ sí rédíétọ̀ níbi tí fáànù ti ń fẹ́ ooru náà dànù, lẹ́yìn náà á tún padà sọ́dọ̀ CPU. Àwọn ojú ọ̀nà tóóró tí ó wà nínú pẹpẹ náà kì í sábà fẹ̀ tó mìlímítà kan, nítorí náà èérí díẹ̀ ti tó láti dí wọn.

Bàbà ni wọ́n sábà fi ń ṣe pẹpẹ yìí, nítorí pé ó ń gbé ooru kọjá ju alumíníọ̀mù lọ. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ìdí nìyí tí a fi ń rí rédíétọ̀ púpọ̀ tí wọ́n fi í ṣe. Níbi tí méjèèjì bá ti pàdé nínú omi kan náà ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí mẹ́tàlì kan fi ń jẹ èkejì run

Ní ọdún 1800, Alessandro Volta ará Ítálì to àwọn awẹ́ mẹ́tàlì oríṣi méjì léra wọn, ó fi aṣọ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn, ó sì rí iná mànàmáná gbà. Bátìrì àkọ́kọ́ nìyẹn. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí bàbà àti alumíníọ̀mù bá jọ wà nínú omi kan, tí ohun kan bíi àpótí kọ̀ǹpútà sì so wọ́n pọ̀. Lórí òṣùwọ̀n àwọn onímọ̀ kẹ́místrì, alumíníọ̀mù wà ní −1.66 fólítì, bàbà sì wà ní +0.34. Alumíníọ̀mù ni yóò máa pàdánù ẹ̀lẹ́ktrọ́nù, òun náà ni yóò sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi.

Ní ọdún 1824, Humphry Davy ará Gẹ̀ẹ́sì lo òye yìí fún ìdáàbòbò: ó so sínkì tàbí irin mọ́ bàbà tí wọ́n fi bo abẹ́ ọkọ̀ ojú omi, omi òkun sì ń jẹ ìwọ̀nyí dípò bàbà. Nínú kọ̀ǹpútà, rédíétọ̀ alumíníọ̀mù ni ó ń wà ní ipò sínkì yẹn.

Àwọn kan lè rò pé rọ́bà tí ó ya mẹ́tàlì méjèèjì sọ́tọ̀ ti tó fún ààbò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbà díẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi, omi á sì gbé e lọ lẹ̀ mọ́ ara alumíníọ̀mù. Ojú ibi tí ó bá lẹ̀ mọ́ á di bátìrì kékeré, ihò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fúnra rẹ̀ to ètò yìí gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà kan: kí ó lo bàbà, idẹ àti níkẹ́lì, tí wọ́n sún mọ́ ara wọn, tàbí kí ó lo alumíníọ̀mù nìkan.

Omi àti òògùn inú rẹ̀

Omi ẹ̀rọ àti omi kànga ní iyọ̀ nínú. Klóráídì inú iyọ̀ náà ń ya awọ tín-ín-rín tí ó ń dáàbò bo alumíníọ̀mù. Omi tí a sè di oru, tí a sì tún mú oru rẹ̀ di omi padà, ni ó yẹ. Síbẹ̀, òun nìkan kò tó, nítorí pé ó ń gba káríbọ́ọ̀nù dàíọ́ksáídì láti inú afẹ́fẹ́, èyí tí ń sọ ọ́ di kíkan díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fi òògùn ìdènà ìdípẹtà sí i. Benzotriazole jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú bàbà, ó sì ń bò ó bí awọ.

Ọ̀pọ̀ ètò tí ilé iṣẹ́ dì pa ní bàbà àti alumíníọ̀mù pọ̀. Òògùn inú omi wọn ni ó ń dín ìjà àárín àwọn mẹ́tàlì náà kù. Kò yẹ kí a tú wọn láti fi omi lásán kún un.

Ìtọ́jú

A gbọ́dọ̀ fọ inú rédíétọ̀ tuntun dáadáa kí a tó lò ó, nítorí èérí tí ó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń jó o pọ̀. Kò yẹ kí a po omi ilé iṣẹ́ méjì pọ̀, nítorí òògùn wọn lè ta ko ara wọn. Ó dára kí a máa pààrọ̀ omi náà ní nǹkan bí ọdún kan síra wọn, tàbí bí ẹni tí ó ṣe é bá ṣe sọ. Bí àwọ̀ omi bá yí padà, tí omi ń dín kù láìsí ìdí, tàbí tí CPU bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó yẹ kí a pa kọ̀ǹpútà náà, kí a sì yẹ inú ètò náà wò.