Bí Pọ́ńbà Ṣe Lè Kọ Ìwé Àbẹ̀wò fún Onílé

Bí onílé bá pe pọ́ńbà kí ó wá wo omi ẹ̀rọ ilé òun, ohun mẹ́ta ni ó fẹ́ mọ̀. Kí ni ó bàjẹ́? Ewu wo ni ó wà níbẹ̀? Kí ni kí á ṣe sí i? Bí ẹ bá fi ẹnu sọ ọ́, ó lè gbàgbé. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọjọ́ tí ẹ lọ àti ilé tí ẹ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ to ohun tí ẹ fi ojú rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ pé, "Páìpù kò dára." Páìpù wo? Níbo? Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Páìpù tí ó gba inú gọ́tà kọjá lẹ́yìn ilé ìdáná ti dípẹtà. Ó ti lu ní ojú méjì."

Ẹ wá sọ ewu rẹ̀. Nígbà tí omi bá ń sáré nínú páìpù yìí, omi mímọ́ ni ó ń jò jáde. Ṣùgbọ́n bí omi bá lọ, omi gọ́tà lè wọ inú páìpù. Nígbà tí omi bá padà dé, ìdọ̀tí yẹn ni àwọn ará ilé yóò mu. Ọ̀nà yìí ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti àrùn onígbáméjì lè gbà wọlé. Ẹ má fi èyí pa mọ́ fún onílé.

Ẹ fi iye sí i. Ẹ gbé garawa sí abẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń kán. Bí garawa lítà 10 bá kún ní ọjọ́ kan, lítà 300 ni yóò ṣòfò ní ọgbọ̀n ọjọ́. Èyí yé ènìyàn ju "ó ń jò púpọ̀" lọ.

Ohun tí ẹ rò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ rí. Ṣé ẹ rò pé páìpù ń jò lábẹ́ ilẹ̀? Bí ilé náà bá ní mítà, ẹ dúró di alẹ́ tí omi wà. Kí táǹkì ti kún, kí ẹ sì ti gbogbo ẹ̀rọ pa. Ẹ kọ iye tí mítà fi hàn. Ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó pọn omi, ẹ tún un wò. Bí iye náà bá ti yí padà, omi ń jò níbì kan. Ẹ kọ iye méjèèjì sínú ìwé. Bí kò bá sí mítà, ẹ kọ pé, "Mo rò pé," kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ibi tí ẹ kò lè dé, ẹ sọ pé ẹ kò dé ibẹ̀.

Ní ìparí, ẹ sọ iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ pẹ́ àti èyí tí ó lè dúró. Kí owó ohun èlò wà lọ́tọ̀, kí owó iṣẹ́ wà lọ́tọ̀. Ẹ fi ọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì: ọ̀kan fún onílé, ọ̀kan fún yín. Bí onílé kò bá mọ ìwé, ẹ kà á sí i létí. Bí àríyànjiyàn bá dé lọ́la, ìwé náà ni ẹlẹ́rìí yín.