Kí Ni Mainframe Ń Sọ Nígbà Tí Ara Rẹ̀ Kò Yá?

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe yìí kì í ṣiṣẹ́ nínú yàrá kọ̀ǹpútà o. Ẹni tí wọ́n jí ní aago méjì òru torí pé ẹ̀rọ báńkì fẹ́ dákú, odindi ọ̀rọ̀ ló ń fẹ́.

Mainframe ni kọ̀ǹpútà ràgàjì tí ọ̀pọ̀ báńkì ńlá àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú lágbàáyé fi ń ṣiṣẹ́. Lórí èyí tí IBM ń ṣe, z/OS ló sábà máa ń darí rẹ̀, irinṣẹ́ kan sì wà nínú z/OS tó ń jẹ́ Health Checker. Ó dà bíi nọ́ọ̀sì tó ń bá wa wo ẹ̀jẹ̀ ríru kí àìsàn tó gbé wa ṣánlẹ̀: á máa yẹ ẹ̀rọ wò lóòrèkóòrè, àmọ́ òun kọ́ ló máa tún nǹkan ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ló ní. Tí ọ̀rọ̀ náà ò bá yéni, àsán ni àyẹ̀wò ọ̀hún.

Báwo ló ṣe ń sọ̀rọ̀?

IBM ti kọ ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè fi REXX kọ tiyín, èdè tí Mike Cowlishaw bẹ̀rẹ̀ ní IBM lọ́dún 1979. Script náà á kọ́kọ́ pe HZSLSTRT, á fi HZSLFMSG sọ ohun tó rí, á wá pe HZSLSTOP tó bá parí. Health Checker á tọ́jú ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Tó bá jẹ́ wàhálà ló rí, á tún fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ: HZS0001I tí kò bá le, HZS0002E tó bá le díẹ̀, HZS0003E tó bá le gan-an. Lẹ́tà ìgbẹ̀yìn ní ìtumọ̀: I jẹ́ ìsọfúnni lásán, E ń sọ pé ẹ máa ní láti ṣe nǹkan sí i tó bá yá.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Àyẹ̀wò ASM_LOCAL_SLOT_USAGE ń wo àwọn fáìlì tí ẹ̀rọ ń kó ohun tí mẹ́mọ́rì ò gbà mọ́ sí. Bí IBM ṣe ṣètò rẹ̀, tí ohun tó wà nínú ọ̀kan bá ti ju 30% lọ, ó ti di ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ irú rẹ̀, “Àyè ti ń tán” nìkan kò tó. Fáìlì wo? Báwo ló ṣe kún tó? Ibo la ní kó má kọjá? Kí ni ká ṣe? HZSLFMSG fàyè sílẹ̀ fún àlàyé, àti fún ohun tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ àti ẹni tó ń tún ètò rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ṣe.

Ọ̀fìn méjì tó yẹ ká ṣọ́ra fún

Èkíní, ẹ má sọ gbogbo nǹkan di èyí tó le gan-an. Tí ìkìlọ̀ bá ń dún láràárọ̀ lórí nǹkan tí kò tó nǹkan, ọjọ́ tí iná bá jó gan-an, kò sẹ́ni tó máa wo ọ̀hún.

Èkejì ló burú jù: script tí kò rí fáìlì kà, tó wá ní “kò sí wàhálà”. “Mi ò rí i yẹ̀ wò” àti “mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó dáa” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà! HZSLFMSG ní STOP fún irú èyí, tòun ti ìdí rẹ̀: ENVNA, tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ̀ wò kò bá sí lórí ẹ̀rọ yẹn, BADPARM, tí ohun tẹ́ ẹ fún un kò bá tọ̀nà, ERROR, tí script fúnra rẹ̀ bá kọsẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi ìkìlọ̀ náà han ẹni tí kò bá yín kọ ọ́. Tó bá ní láti pè yín lórí fóònù kó tó mọ ohun tó máa ṣe, ẹ padà lọ tún un kọ.