Nígbà tí Fóltéèjì inú Áńpílífáyà Gìtá Bá Ju Bí Ó Ti Yẹ Lọ

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò gùn. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí á ṣe bí a bá fi mítà wọn iná inú áńpílífáyà onífáàfù, tí fóltéèjì tí a rí sì ju èyí tí ó wà nínú àwòrán ẹ̀rọ náà lọ fíìfíì.

Èmi fúnra mi ti ṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé áńpílífáyà kékeré kan wá bá mi, irú èyí tí ó ní fáàfù mẹ́ta péré. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó sì ti kẹ̀. Àwòrán rẹ̀ sọ pé fóltéèjì tí ń lọ sí fáàfù ńlá yẹ kí ó jẹ́ 340. Mítà mi sọ pé 430 ni. Lójú ẹsẹ̀ ni mo dájọ́ pé wọ́n ti fi tírànsífọ́mà tí kò yẹ rọ́pò ti àtilẹ̀wá, mo sì ní kí ó lọ wá owó òmíràn. Ẹ̀rọ yìí ni baba rẹ̀ fi jẹun títí ó fi kú; owó kò sì sí lọ́wọ́ ọmọ. Nítorí pé owó náà pẹ́ kí ó tó dé ni mo fi ráyè yẹ ẹ̀rọ náà wò lẹ́ẹ̀kejì.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀. Fóltéèjì inú ẹ̀rọ báyìí lè pa ènìyàn. Bí a tilẹ̀ yọ okùn rẹ̀ kúrò lára ògiri, kàpásítọ̀ inú rẹ̀ lè fi iná pamọ́ fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá ń wọn iná, ọwọ́ kan ni kí ẹ lò, kí èkejì wà nínú àpò. Kí ẹ sì fi mítà rí i dájú pé iná kàpásítọ̀ ti tán kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á fi omi ẹ̀rọ ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ inú ilé bá wà ní títì, omi a máa fi agbára ti páìpù. Bí a bá ṣí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, agbára yẹn a dínkù. Fóltéèjì ni agbára tí ń ti iná. Fáàfù sì ni ẹnu ẹ̀rọ. Bí fáàfù kò bá gba iná tó, fóltéèjì yóò ga, bí tírànsífọ́mà tilẹ̀ pé pérépéré. Bí tírànsífọ́mà bá ń mú 325 jáde, ṣóńṣó rẹ̀ tó 460, ibẹ̀ sì ni kàpásítọ̀ yóò máa gùn lọ bí kò bá sí ohun tí ń mu iná náà.

Nítorí náà, ibi mẹ́rin ni kí á yẹ̀ wò, lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní ni iná ògiri. Ọ̀pọ̀ áńpílífáyà àtijọ́ láti Amẹ́ríkà ni a ṣe fún 117. Lónìí, 120 ni iná ilé wọn, ó sì lè tó 126 láìrú òfin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ ọ́ di 230 lórí ìwé ní ọdún 1995, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé ó ṣì súnmọ́ 240. Ní ilẹ̀ tiwa, tírànsífọ́mà tí ń dín iná kù ni a fi ń lo ẹ̀rọ Amẹ́ríkà. Èyí tí a ṣe láti sọ 220 di 110 yóò sọ 240 di 120.

Èkejì ni wáyà tí ń mú fáàfù gbóná. 6.3 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ẹlẹ́rìí òtítọ́ ni, nítorí pé tírànsífọ́mà kan náà ni ó ń bọ́ ọ. Bí òun náà bá di 6.9 tàbí 7, iná tí ń wọlé ni kí á bá wí. Bí ó bá wà ní 6.3, tí fóltéèjì ńlá nìkan ga, iná ògiri kò jẹ̀bi.

Ẹ̀kẹta ni rẹ́kítífáyà, fáàfù tí ń sọ iná alọbọ̀ di iná alọ nìkan. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n òòbẹ̀ kì í ṣe àdán. 5Y3 a máa jẹ tó 50 fóltì bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn; GZ34 kì í jẹ tó 20. Ihò kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀, nítorí náà ó rọrùn láti fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìfura.

Ẹ̀kẹrin ni fáàfù ńlá fúnra rẹ̀: ṣé ó ń mu iná? Nínú irú ẹ̀rọ kékeré yìí, rẹ̀sísítọ̀ 470 ni ó sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá wọn fóltì 19 lórí rẹ̀, tí a fi 470 pín in, a ó rí i pé mílíáńpíà 40 ni ó ń ṣàn. Ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ pa iná, kí á wọn rẹ̀sísítọ̀ náà bóyá ó ṣì pé 470.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi wà. Rẹ̀sísítọ̀ yìí, tí owó rẹ̀ kò tó ti àkàrà òwúrọ̀, ni ó ti já. Fáàfù kò rí ọ̀nà mu iná, fóltéèjì sì fò sókè. Nígbà tí mo pààrọ̀ rẹ̀, 430 sọ̀kalẹ̀ di 352. Wáyà tí ń mú fáàfù gbóná jẹ́ 6.5, èyí fi hàn pé iná ògiri ni ó ni ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù.

Irú àlékún kékeré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àrùn. Lórí àwòrán àwọn áńpílífáyà Fender kan tí ó jáde lẹ́yìn ọdún 1960, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye fóltéèjì lè fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ga tàbí kí ó relẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà san owó rẹ̀sísítọ̀, ó gbé ẹ̀rọ baba rẹ̀ lọ. Ìtìjú ni ó kù sí mi lọ́wọ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: iye tí mítà sọ kì í ṣe ìdájọ́, ìbéèrè ni. Kí á wádìí ohun tí ń ti iná àti ohun tí ń mu ún, kí á tó rán ẹnikẹ́ni lọ wá owó.