Ṣé O Mọ̀? Ihò Cu Chi àti Omi Mekong

Ṣé o mọ̀ pé nínú ọjọ́ kan ṣoṣo, èèyàn lè rákòrò wọnú ihò tí wọ́n ti jagun ní Vietnam, kí ó sì ti wà nínú ọkọ̀ lórí odò Mekong kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú? Àárọ̀ kùtù ni bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èèyàn díẹ̀ máa ń gbéra ní ìlú Ho Chi Minh, Saigon àtijọ́. Cu Chi wà lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. My Tho, èbúté odò, wà lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe ogun Amẹ́ríkà ló mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò Cu Chi? Ogun tí àwọn ajagun Vietnam bá Faransé jà ni, ní àwọn ọdún 1940. Ọkọ́ kékeré àti apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí ogun Amẹ́ríkà fi gbóná, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà ti lé ní 200 kìlómítà, ó ní ibùsùn, kànga, ibi ìtọ́jú aláìsàn àti ibi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà. Àwọn ẹnu ihò kan yọ sí odò Saigon, kí ẹni tí ọ̀tá bá ká mọ́ lè gba ojú omi sá lọ.

Kí ni kò jẹ́ kí ihò náà wó? Ilẹ̀ ibẹ̀ ni. Amọ̀ tó ní yangí nínú ni. Bó bá ti gbẹ, ó le bí ògiri. Lọ gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ ní etídò Mekong, kíá ni omi á ti pàdé rẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ajagun Cu Chi fi wọ ilẹ̀ lọ, tí àwọn ti Mekong fi sá sí ipadò. Ẹni tó bá rí ibi méjèèjì lọ́jọ́ kan náà ni èyí máa ń yé jù, òun ni mo ṣe ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe yan ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bí òkìtì ọ̀gán ni wọ́n ṣe mọ ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé? Nígbà tí ajá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn wọn, wọ́n da ata síbẹ̀, wọ́n sì ń lo ọṣẹ Amẹ́ríkà, kí òórùn wọn má bàa ṣàjèjì sí ajá.

Ti oúnjẹ ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Ihò lè fi èèyàn pa mọ́, ṣùgbọ́n ta ló lè fi èéfín pa mọ́? Nígbà tí bàálù ọ̀tá ń ṣọ́ ilẹ̀, iná ọbẹ̀ kan lè fa bọ́ǹbù. Alásè ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Hoang Cam ló ti wá ọgbọ́n dá sí i láyé ogun Faransé: wọ́n á la ojú ọ̀nà púpọ̀ sínú ilẹ̀ láti ẹ̀yìn ààrò, èéfín á máa gba ibẹ̀ lọ, á máa pín, á máa tutù, títí yóò fi yọ síbi tó jìnnà bí ìkùukùu lásán. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ààrò náà dòní. Ìdájí ni wọ́n sì ń dáná, nígbà tí ìkùukùu gidi wà nílẹ̀.

Bí àlejò bá jáde nínú ihò lónìí, ẹ̀gẹ́ bíbọ̀ ni wọ́n máa ń gbé fún un, pẹ̀lú ẹ̀pà gígún, yànmọ̀tí àti iyọ̀. Ẹ̀gẹ́ tiwa yìí náà ni, tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá bá àwa àti àwọn. Jọ̀wọ́, jẹ ẹ́ tán. Òun ló gbé wọn ró nígbà ogun.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ọta fún àlejò láti yìnbọn. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967, nǹkan bí 30,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti ìjọba Gúúsù Vietnam tí wọ́n jọ ń jà ya bo agbègbè yẹn. Wọ́n kó àwọn ará abúlé Ben Suc kúrò, wọ́n sì wó ilé wọn palẹ̀. Ibi tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó dákẹ́.

Ó di ojú omi. Ṣé o mọ̀ pé orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni Mekong gbà kọjá, láti òkè Tibet dé òkun? Pé wọ́n máa ń kun ojú méjì sí iwájú ọkọ̀ níbẹ̀? Pé ní Ben Tre, ìlú àgbọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Nguyen Thi Dinh wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ọdún 1960 sí ìjọba Gúúsù Vietnam, tó sì wá di igbákejì olórí ogun àwọn ọlọ̀tẹ̀?

Ṣé o mọ̀ pé lórí erékùṣù Phoenix tó wà nínú odò náà, nígbà ogun Amẹ́ríkà, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kan tó kàwé ní ilẹ̀ Faransé kó àwọn èèyàn jọ láti máa gbàdúrà àlàáfíà? Nguyen Thanh Nam lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àgbọn ló ń jẹ, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní Alágbọn. Ìjọba ìgbà ogun fi í sẹ́wọ̀n, ìjọba ẹ̀yìn ogun náà tún fi í sẹ́wọ̀n.

Bárékè Amẹ́ríkà ní Dong Tam, nítòsí My Tho, ńkọ́, èyí tí wọ́n fa iyanrìn odò láti fi kọ́? Ọgbà ejò ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń tọ́jú ẹni tí ejò bù ṣán.

Nígbẹ̀yìn, wo ọ̀pẹ ipadò tí wọ́n ń pè ní nipa. Abẹ́ imọ̀ rẹ̀ ni obìnrin tó ń wa ọkọ̀ rẹ á gbà kọjá. Abẹ́ rẹ̀ náà ni ọkọ̀ àwọn ajagun ń sá sí. Ní ọdún 1906, wọ́n gbé ọ̀pẹ yìí láti Singapore wá sí Calabar. Àwọn ará Ben Tre ń fi ewé rẹ̀ bo ilé, wọ́n ń jẹ èso rẹ̀; ní etí omi tiwa, ṣe ló ń lé igi ẹ̀gbà kúrò.