Irúgbìn Tí Ń Dúró De Òtútù

Ọ̀rọ̀ irúgbìn ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irúgbìn tí a ń gbìn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Irúgbìn tí àwọn ará ìlú olótùútù ń gbìn síta nínú ike, nígbà tí òjò dídì bá bo ilẹ̀, ni mo fẹ́ sọ. Ẹ ó ní, “Ta ní í gbin nǹkan sínú yìnyín? Ṣé kò ní kú ni?” Ìbéèrè rere ni. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ dá a lóhùn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló ń gbé ní London, ní Manchester, ní Chicago àti ní New York, tí wọ́n ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹni tí kò bá mọ irúgbìn tí ó fẹ́ òtútù yàtọ̀ sí èyí tí òtútù ń pa, yóò fi owó àti irúgbìn ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ọdún ti rí lọ́hùn-ún. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwa. Tiwọn pín sí mẹ́rin: ìgbà tí igi ń rúwé, ìgbà ooru, ìgbà tí ewé ń wọ́, àti ìgbà òtútù. Nígbà tí ewé bá ń wọ́, láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, ni ọ̀pọ̀ igi àti òdòdó igbó ń gbọn irúgbìn wọn sílẹ̀. Bí irúgbìn náà bá hù lójú ẹsẹ̀, kí ni yóò bá pàdé? Òtútù tí ń sọ omi di líle bí òkúta ni. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kú. Ìdí nìyí tí irúgbìn bẹ́ẹ̀ fi ní oníbodè nínú ara rẹ̀. Oníbodè yìí kì í ṣílẹ̀kùn nítorí pé oòrùn mú ní ọjọ́ kan. Ó di ìgbà tí òtútù àti ọ̀rinrin bá kọjá lórí irúgbìn náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó gbà pé ìgbà òtútù ti wá, ó sì ti ń lọ.

Àpẹẹrẹ tí ẹ mọ̀ ni èso ápù. Kóró inú ápù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lórí igi kì í fẹ́ hù. Ẹ bomi rin ín, ẹ gbé e sí oòrùn, yóò kàn máa wò yín ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà nínú iyẹ̀pẹ̀ tí ó rin díẹ̀, tí ó sì tutù tó nǹkan bí ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún oṣù 2 sí 3, yóò jí. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé èròjà kan tí ń dá irúgbìn dúró, tí wọ́n ń pè ní abscisic acid, ń dín kù ní àkókò náà, tí èyí tí ń ta á jí, tí wọ́n ń pè ní gibberellin, sì ń gba agbára. Ẹ ṣàkíyèsí pé òtútù nìkan kò tó. Irúgbìn gbígbẹ tí a kàn jù sínú fíríìjì kò mọ̀ pé ìgbà ń lọ. Ó gbọ́dọ̀ mu omi pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé irúgbìn ìlú òyìnbó nìkan ló ní oníbodè. Ewédú tiwa náà ní in. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń gbin ewédú mọ̀ pé bí a bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Kí ni ẹ ń ṣe? Ẹ ó dì í sínú aṣọ, ẹ ó tì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ẹ ó sì yọ ọ́ kíá. Èèpo kóró ewédú le, omi kì í lè wọ̀ ọ́. Ooru ló ń la ọ̀nà fún omi. Ooru ni kọ́kọ́rọ́ ewédú, òtútù ni kọ́kọ́rọ́ ápù.

Èéṣe, nígbà náà, tí wọn kò fi kàn fọ́n irúgbìn sílẹ̀ kí wọ́n sì lọ sùn? Ẹyẹ ń ṣà á jẹ, eku ń hú u, omi yìnyín tí ń yọ́ sì ń gbá a lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo ike. Obìnrin ológbà kan ní Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York, Trudi Davidoff, ló sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ike náà dà bí ilé kékeré: ìmọ́lẹ̀ ń wọ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀, òjò ń kán wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ kò ráyè.

Ètò ló ṣáájú iṣẹ́. Ẹ pín irúgbìn yín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní ni àwọn tí kì í hù dáadáa láìrí òtútù. Ọ̀pọ̀ òdòdó igbó Amẹ́ríkà wà nínú wọn, bí àpẹẹrẹ milkweed, tí ọmọ labalábá monarch ń jẹ ewé rẹ̀. Ẹ gbin ìwọ̀nyí lẹ́yìn ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, nígbà tí ojúmọmọ kúrú jù lọ lọ́hùn-ún, tàbí nínú oṣù Kìn-ín-ní, kí òtútù lè bá wọn pẹ́. Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn tí kò béèrè òtútù, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè fara dà á: kábéèjì, létúùsì, àlùbọ́sà. Oṣù Kejì sí oṣù Kẹta dára fún wọn.

Ọ̀wọ́ kẹta ni kí ẹ fetí sí gidigidi, nítorí àwọn ọmọ ilẹ̀ olóoru ni: ilá, ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ata àti tòmáàtì. Ẹ má gbé wọn sínú òjò dídì. Òtútù kò ní jí wọn. Èyí tí ó bá mu omi yóò jẹrà, èyí tí ó bá hù yóò kú. Inú ilé tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ ti gbìn wọ́n, ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, kí ẹ sì dúró kí ìrì dídì ìkẹyìn lọ kí ẹ tó lọ́ wọn síta. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dára kí ẹ dúró títí di ìparí oṣù Karùn-ún.

Iṣẹ́ náà nìyí. Ẹ wá ike mílíìkì tí ó gba gálọ́ọ̀nù kan, kí ó jẹ́ irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá. Ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ lu ihò mélòó kan sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò jáde. Ẹ gé e yí ká ní agbedeméjì, ṣùgbọ́n ẹ dá ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, kí òkè rẹ̀ lè máa ṣí kí ó sì máa dé bí ìdérí àpótí. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ fúlẹ́fúlẹ́ sí i, kí ó jìn tó ìnṣì 4. Ẹ wọ́n omi sí i títí yóò fi jò nísàlẹ̀. Ẹ fọ́n irúgbìn sí i. Èyí tí ó bá kéré púpọ̀, ẹ má ṣe rì í mọ́lẹ̀. Ẹ dé e, ẹ fi téèpù dì í yí ká, ṣùgbọ́n ẹ ṣí ọmọrí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ irúgbìn náà sí pátákó kékeré kan, kí ẹ tì í bọ inú iyẹ̀pẹ̀, nítorí oòrùn máa ń pa yíǹkì rẹ́.

Ẹ wá gbé e síta, níbi tí òjò àti oòrùn yóò ti kàn án. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí ó le jù ni kí ẹ má ṣe nǹkan kan. Bí òjò dídì bá bò ó, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má ṣe ṣàánú rẹ̀ gbé e wọlé.

Nígbà tí ojú ọjọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí lọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí ìkán omi lára ike náà nínú, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ti ń gbẹ. Ẹ bomi rin ín. Bí ewé bá ti yọ, ẹ ṣí ike náà lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, nítorí ike tí a dé pa lè se ọmọ ewé jinná ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Ẹ dé e padà lálẹ́. Èyí tí ó bá là á já ti mọ afẹ́fẹ́, ó ti mọ òtútù. Bí ẹ bá lọ́ ọ sí ilẹ̀, ara kò ní fu ú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ wà nílé níhìn-ín, ẹ̀yin náà lè dán ọ̀rọ̀ oníbodè yìí wò. Ẹ ka kóró ewédú 100. Ẹ gbin 50 bẹ́ẹ̀. Kí olùkọ́ yín bá yín ti 50 yòókù bọ omi gbígbóná, kí ó yọ ọ́ kíá, kí ẹ sì gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ka èyí tí ó hù níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní, ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irúgbìn. Kí a tó gbìn ín, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè ìgbà tí ó ń dúró dè.