Ìrora Ẹsẹ̀ Tí Í Dé Nígbà Tí Ọmọ Bá Ń Sáré

Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọkùnrin yín tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Agége lẹ́yìn ìrun Àsárì bá ń dúró lójijì, tó di ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ mú, tí ìrora náà sì lọ lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọ̀dọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn kánkán lọ sí ilé iṣẹ́ ní Ọba Akran tàbí Ògbà. Àwa a máa ní làkúrègbé ni, a ó fi Aboniki pa á.

Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan ń gba itan wá sísàlẹ̀, ó ń gba kòtò ẹ̀yìn orúnkún kọjá kó tó dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ní orí méjì tó so mọ́ egungun itan, ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá òde. Àárín méjèèjì ló yẹ kí òpó náà gbà. Lára àwọn kan, láti inú oyún ni òpó náà tàbí orí apá inú yẹn ti ṣìnà. Bí onítọ̀hún bá fi orí ẹsẹ̀ tilẹ̀ láti sáré, ẹran á le, á fún òpó náà pa, bí ìgbà téèyàn tẹ rọ́bà tí omi ń gbà mọ́lẹ̀. Ti àwọn mìíràn, eré ìdárayá ló mú ẹran náà tóbi jù.

Ní 1879, T. P. Anderson Stuart, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Edinburgh, rí i nínú ẹsẹ̀ tí wọ́n gé lára bàbá ẹni ọdún 64. Ọdún 1959 la tó gbọ́ pé Hamming ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Leiden, ní Netherlands. Ọmọ ọdún 12 ló ṣe é fún!

Àìsàn yìí ò wọ́pọ̀. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá la kọ́kọ́ ń fura sí. Ṣùgbọ́n òpó tí ẹran ń fún lójoojúmọ́ lè bàjẹ́ nínú, kí ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀, kó di pé à ń sọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀. Bí a bá tètè rí i, wọ́n lè gé ẹran tó ń fún un kúrò lọ́nà. Bó bá pẹ́, wọ́n lè ní láti fi òpó mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ibi tó ti ń rúni lójú ni pé bí ọmọ náà bá dùbúlẹ̀ níwájú dókítà, ẹ̀jẹ̀ á máa lù dáadáa lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ sọ fún dókítà pé ìgbà tó bá ń sáré ni. Ó lè ní kó tẹ orí ẹsẹ̀ wálẹ̀, kó tún yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kó kọ lẹ́tà sí LASUTH ní Ìkẹjà fún àyẹ̀wò ẹ̀rọ.

Nígbà àlùwàlá, bí ẹsẹ̀ kan bá tutù ju èkejì lọ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, tó kú tipiri, tí ìsinmi ò sì mú un lọ, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an.