Àfarawé Orí Kọ̀ǹpútà àti Ilẹ̀ Tí A Gbà Lọ́wọ́ Òkun: Láti Deira Dé Èkó

Al Muraqqabat jẹ́ àdúgbò kan ní Deira, ní ìlú Dubai, níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Èkó ti máa ń rajà. Ní etíkun Deira kan náà ni àwọn erékùṣù àtọwọ́dá wà, èyí tí a kéde ní ọdún 2004 gẹ́gẹ́ bí Palm Deira, tí a dín kù lẹ́yìn náà, tí a sì ń pè ní Dubai Islands lónìí. Èkó náà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òkun ní Eko Atlantic. Bí àṣìṣe bá wọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ kì í rọrùn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi máa ń kọ́kọ́ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà.

Nínú àfarawé yìí, a ó pín òkun sí onígun mẹ́rin kéékèèké. A ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní jíjìn omi, afẹ́fẹ́ àti ìgbì tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò wá ṣírò bí omi àti yanrìn ṣe ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, títí ọ̀pọ̀ ọdún yóò fi kọjá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi èsì rẹ̀ wé ohun tí a wọ̀n lójú òkun gan-an. Èyí tí kò lè sọ ti àná, kò yẹ kí a gbà á gbọ́ nípa ọ̀la.

Àpẹẹrẹ kan ni Palm Jumeirah ní Dubai, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001. Odi òkúta tó yí i ká gùn tó kìlómítà 11. Nígbà tí a rí i pé omi inú rẹ̀ kò ṣàn tó, a la ojú méjì sí odi náà kí ìkún àti ìfàsẹ́yìn òkun lè máa pààrọ̀ omi. Lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹni bu aró sínú omi ni: a ó ka iye ọjọ́ tí aró náà yóò fi ṣàn jáde.

Ní Èkó, ìgbì a máa gbé yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Odi tí a kọ́ sí ẹnu èbúté ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún dí yanrìn náà lọ́nà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Odi Eko Atlantic, tí a pète pé yóò gùn ju kìlómítà 8 lọ, ni a fẹ́ fi dáàbò bo Victoria Island. A sì dán àwòṣe rẹ̀ wò nínú àgbá omi ní Denmark. Àmọ́ bóyá odi yóò dúró jẹ́ ìbéèrè kan. Ohun tí yóò ṣe aládùúgbò jẹ́ òmíràn. Àwọn ará Okun Alfa, ní ìhà ìlà-oòrùn, ti ké gbàjarè pé òkun ń gba ilé wọn.

Láti mọ ìpín odi nínú ọ̀ràn náà, a ó ṣe àfarawé méjì pẹ̀lú ìgbì kan náà: ọ̀kan pẹ̀lú odi, èkejì láìsí odi. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí ààlà àwòrán bá parí kí ó tó dé Okun Alfa, kọ̀ǹpútà kò ní sọ ohunkóhun nípa abúlé náà, àwọn kan yóò sì ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sí pé kò séwu. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé: ibo ni a fa ààlà sí, ta ni ó sì fà á?